Irin Kékeré Tí Ń Jó Ni Láìgbóná

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ alẹ́ òní mu, nítorí pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí kò ju hóró àgbàdo kan lọ. Síbẹ̀ ó ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin alágbára, ó ti pa bàbá pa ọmọ láàárín oṣù kan, ó sì ti mú kí wọ́n máa wá a lójú ọ̀nà tí ó gùn tó 1,400 kìlómítà.

Ní oṣù kejì ọdún 1999, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ní Yanango, ibùdó iná mànàmáná kan tí ń lo agbára omi, ní apá ìlà-oòrùn Lima ní ilẹ̀ Peru. Lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ni ajórin kan, irú ẹni tí àwọn ará ìgboro ń pè ní wẹ́dà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà, ó rí irin kékeré kan nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó sì fi í sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú èyí lójú ẹni tí ó bá mọ ìṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Irin kì í wà nílẹ̀ lásán. Bí kò bá wúlò lónìí, yóò wúlò lọ́la. Ọkùnrin náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ èrò, ó lọ sílé.

Ilé ni ó wà ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ tí itan rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó rí i pé ojú ibẹ̀ ti pọ́n. Dókítà tí wọ́n fi hàn rò pé ó lè jẹ́ pé kòkòrò ni ó jẹ ẹ́. Ṣòkòtò tí ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ jókòó lé láti fún ọmọ wọn kékeré lọ́mú. Irin náà ṣì wà nínú àpò.

Ní ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú irin ti fọ fíìmù wọn, wọ́n sì rí i pé àwòrán kankan kò hàn níbẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò, wọ́n bá a lófìfo. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ ti bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, wọ́n ń bi gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà léèrè, títí wọ́n fi dé ilé ajórin yìí ní nǹkan bí agogo kan òru. Wọ́n rí irin wọn gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí irin náà fẹ́ ṣe, ó ti ṣe é tán. Egbò ńlá yọ ní itan ọkùnrin náà, ó jinlẹ̀, kò sì jinná. Wọ́n gbé e lọ sí Lima, wọ́n tún gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé fún ìtọ́jú. Níkẹyìn, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò lọ láìfarapa, nítorí ojú egbò yọ sí i ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn.

Kí ni irin náà? Orúkọ èròjà tí ó wà nínú rẹ̀ ni iridium-192. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà onítànṣán, èyíinì ni àwọn èròjà tí ń tú ìtànṣán jáde láti inú ara wọn lọ́sàn-án lóru, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan iná sí wọn. Ìtànṣán wọn jọ ti ẹ́síréè ilé ìwòsàn, ó lè gba inú ẹran ara kọjá, ó sì lè gba inú irin kọjá pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń lò ó. Bí a bá jó páìpù epo tàbí páìpù omi méjì pọ̀, ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá ihò tàbí sísán kan wà nínú ibi tí a jó. Wọn a gbé èròjà yìí sí apá kan páìpù náà, wọn a lẹ fíìmù mọ́ apá kejì. Ìtànṣán a là á kọjá, àwòrán inú irin náà a sì hàn. Iṣẹ́ rere ni. Ọ̀pọ̀ páìpù tí ì bá bẹ́, tí ì bá pa àwọn ará abúlé, ni wọ́n ti fi ọ̀nà yìí rí àbùkù rẹ̀ kí ó tó burú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, kámẹ́rà ni àwọn tí ń lò ó ń pè é. Àpótí wúwo kan ni, tí a fi irin tí ó wúwo ju òjé lọ ṣe inú rẹ̀, kí ìtànṣán má baà jáde. Hóró kékeré náà wà láàárín rẹ̀, ní orí okùn onírin kan. Bí iṣẹ́ bá dé, òṣìṣẹ́ a dúró sí òkèèrè, a máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, okùn a sì ti hóró yìí gba inú ọ̀pá rọ́bà lọ sí ẹ̀bá páìpù. Bí iṣẹ́ bá parí, a tún yí i padà sínú àpótí. Ibi tí ewu wà ni ibi tí hóró náà gbé so mọ́ okùn. Bí ìsopọ̀ yẹn bá já, tàbí tí wọn kò so ó dáadáa, okùn nìkan ni yóò padà sílé. Hóró yóò wà nílẹ̀ níta. Ẹni tí ó ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ kò lè fi ojú rí i. Nítorí náà ni òfin iṣẹ́ yìí fi sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ mú ohun ìwọ̀n ìtànṣán dání lọ sí ẹ̀bá àpótí lẹ́yìn gbogbo àwòrán tí ó bá yà, kí ó fi mọ̀ dájú pé hóró ti wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà. Bí a bá yẹ àkọsílẹ̀ àwọn jàǹbá iṣẹ́ yìí wò láti ilẹ̀ kan dé èkejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ sí ìdí tí ajórin Yanango kò fi ju irin náà nù. Bí ó bá jẹ́ ẹyin iná ni ó bọ́ sí i lápò, ara rẹ̀ yóò ta, yóò sì gbọ̀n ọ́n dànù kí ó tó ka ení, èjì. Ọlọ́run fún awọ ara ní agbára láti mọ ooru, kò fún un ní agbára láti mọ ìtànṣán. Ìtànṣán kò ní òórùn, kò ní ariwo, kò sì gbóná. Ohun tí ó ń bàjẹ́ ni àwọn ẹ̀yà ara tíntìntín tí ojú kò lè rí, èyí tí ara fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìrora kì í dé títí di ìgbà tí ìbàjẹ́ náà bá ti ṣẹlẹ̀ tán. Ìròra lè gba wákàtí díẹ̀, egbò lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó hàn. Nígbà náà, ọkàn aláìsàn ti kúrò lórí irin tí ó mú.

Ohun kejì tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn ni ọ̀rọ̀ ìjìnnà. Bí ènìyàn bá dúró ní mítà kan sí hóró onítànṣán, tí ó sì sún sẹ́yìn di mítà méjì, ohun tí yóò kàn án kò ní jẹ́ ìdajì ti ìṣáájú. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ni. Bí ó bá sún di mítà mẹ́ta, ó di ìdá mẹ́sàn-án kan. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà. Ẹni tí ó mú un sún mọ́ ara ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan ń gba ìlọ́po 10,000 ohun tí ẹni tí ó wà ní mítà kan ń gbà. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú ajórin yẹn kò fi bá a pín nínú ìyà rẹ̀ ní irú ìwọ̀n kan náà. Àpò ni ibi tí ó burú jù lọ tí a lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, àpò sì ni ọmọ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé èyí, ọdún 2000, irú hóró iridium kan náà sọnù ní ilẹ̀ Íjíbítì. Àgbẹ̀ kan tí ń gbé abúlé Meet Halfa rí i ní oṣù karùn-ún. Ó ń dán, ó sì rò pé irin olówó iyebíye ni. Ó gbé e lọ sílé, àwọn ará ilé sì ń wò ó, wọ́n ń gbé e lọ́wọ́. Àwọ̀ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ara wọn sì ń rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ sí irin tí ó wà nínú ilé. Ní oṣù kẹfà, ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kú. Kí oṣù náà tó parí, bàbá kú tẹ̀lé e. Àwọn ará ilé yòókù tí wọ́n fara kó o ń gba ìtọ́jú nígbà tí ìjọba wá gbé irin náà kúrò. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ni í mú èkúté-ilé pe ológbò níjà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi òwe yìí dá àgbẹ̀ náà lẹ́bi. Ẹni tí ó mọ̀ ni ó sọ ọ́ nù. Ẹni tí kò mọ̀ ni ó kú.

Nínú ìtàn méjèèjì yìí, ìdérí hóró náà kò fọ́. Ẹni tí ó sún mọ́ ọn ni ó jó. Bí wọ́n ti gbé e kúrò, ilé náà mọ́, aṣọ náà mọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè ti ara aláìsàn kó o. Ọ̀tọ̀ ni bí ìdérí bá fọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ní ìlú Goiânia ní ilẹ̀ Brazil, àwọn méjì tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn tí a ti pa tì, wọ́n sì tà á fún ẹni tí ń ra irin àlòkù. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni èyí, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé ìgboro kò yàtọ̀. Caesium-137 ni ó wà nínú rẹ̀, ó rí bí ìyẹ̀fun, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù lókùnkùn. Ẹwà rẹ̀ wọ àwọn ènìyàn lójú, wọ́n bù ú fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àwọn mìíràn fi pa ara. Mẹ́rin kú, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà sì wà lára wọn. Ó ju 112,000 ènìyàn lọ tí ìjọba yẹ ara wọn wò, 249 ni wọ́n sì rí i pé èròjà náà ti ta bá. Wọ́n wó àwọn ilé, wọ́n sì ha erùpẹ̀ ilẹ̀ kó dànù.

Kì í ṣe kámẹ́rà páìpù nìkan ni ilé iṣẹ́ ń lò. Ìlò mìíràn wà tí ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé ó wà. Bí ènìyàn bá di aṣọ mú níwájú fìtílà, bí aṣọ bá ti nípọn tó ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti dín kù tó. Lórí ìlànà yìí ni wọ́n fi ṣe àwọn ohun ìwọ̀n tí a ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù tàbí àgbá ńlá ní ibi ìwakùsà, ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ní ilé iṣẹ́ bébà àti ní ibi tí a ti ń rọ ọtí sínú agolo. Hóró caesium kan wà lápá ọ̀hún, ohun tí ń ka ìtànṣán wà lápá ìhín. Bí ohun tí ó wà láàárín bá pọ̀ tàbí tí ó ki, ìtànṣán tí ń kọjá a dín kù. Ẹ̀rọ náà kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe wàhálà. Ó lè wà lára ògiri fún ogún ọdún títí àwọn tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò fi fẹ̀yìn tì.

Irú ohun ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó kúrò ní ibùdó ìwakùsà Gudai-Darri ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ní oṣù kìíní ọdún 2023, pé kí wọ́n lọ tún un ṣe ní ìlú Perth. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e, ọ̀nà jìn, ọkọ̀ sì ń mì. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí náà ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ẹ̀rọ ti tú, ọ̀kan nínú bóòtù mẹ́rin tí ó dè é ti sọnù, hóró caesium inú rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gba ihò bóòtù náà jábọ́ sí ojú ọ̀nà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́jọ, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà. Ìjọba kéde pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i má ṣe sún mọ́ ọn ju mítà márùn-ún lọ, kí àwọn awakọ̀ sì yẹ ẹsẹ̀ táyà wọn wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọkọ̀ kan tí ó gbé ohun ìwọ̀n ìtànṣán, tí ó ń sáré 70 kìlómítà ní wákàtí kan, gbọ́ ìró rẹ̀ ní gúúsù ìlú Newman. Mítà méjì péré ni ó wà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó farapa. Owó ìtanràn tí ó pọ̀ jù lọ tí òfin ìpínlẹ̀ náà là kalẹ̀ nígbà yẹn fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1,000 dọ́là, owó tí kò tó epo tí àwọn ọkọ̀ awáni-wá-nǹkan jó.

Ohun tí ó gba Ọsirélíà là ni pé wọ́n tètè mọ̀, wọ́n sì tètè pariwo. Ní ilẹ̀ Ukraine, irú hóró caesium bẹ́ẹ̀ sọnù níbi ìwakùsà òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n wá a tì, wọ́n sì dákẹ́. Ó bá òkúta lọ sínú kọnkéré, kọnkéré sì di ògiri yàrá nínú ilé alájà kan ní ìlú Kramatorsk. Ọdún 1989 ni wọ́n tó rí i nínú ògiri náà, lẹ́yìn tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ti pa àwọn tí ó gbé yàrá yẹn.

Nàìjíríà náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tí ń wa epo máa ń sọ ẹ̀rọ kan tí ó ní americium pẹ̀lú beryllium nínú kalẹ̀ sínú kànga epo, kí wọ́n lè mọ bóyá omi tàbí epo wà nínú ihò àpáta. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, irú èròjà bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan di àwátì ní agbègbè Niger Delta. Olè ni ó gbé e. Wọ́n wá a títí. Ní ọdún 2003 ni ó tó jáde, kì í ṣe ní Wàrí, kì í ṣe ní Port Harcourt, bí kò ṣe ní ilẹ̀ Jámánì, láàárín irin àlòkù tí wọ́n kó lọ sí ibi tí a ti ń yọ́ irin. Americium gba ọdún 432 kí agbára rẹ̀ tó dín kù di ìdajì. Àjọ tí ń ṣe àkóso irú nǹkan báyìí ní Nàìjíríà, Nigerian Nuclear Regulatory Authority, ni òfin 19 ti ọdún 1995 dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ọmọ ọdún kan ni ó jẹ́ nígbà tí ọ̀ràn yìí dé bá a.

Ìrìn àjò irin yẹn fi ọ̀nà tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ hàn. Ọmọ tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti ra irin àlòkù, ẹni tí ń wọn irin lórí òṣùwọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní Ìkòròdú àti Ògijò, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wà lójú ọ̀nà tí irú irin bẹ́ẹ̀ ń gbà, wọn kì í sì í sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń dá onímọ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Bí hóró kan bá bọ́ sínú iná irin, èéfín rẹ̀ àti eruku rẹ̀ yóò tàn káàkiri ilé iṣẹ́ náà.

Àmì kan wà tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìkìlọ̀: abẹ mẹ́ta dúdú lórí àwọ̀ òféfèé. Ẹni tí a kò bá kọ́ kò lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó jọ fáànù. Nítorí èyí, ní ọdún 2007, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, tí a ń pè ní IAEA, gbé àmì mìíràn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi han àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 11 láti mọ èyí tí ojú yóò yára lóye. Àwọ̀ pupa ni, ìtànṣán ń bọ́ láti òkè, agbárí òkú wà ní apá kan, ènìyàn tí ń sá lọ sì wà ní apá kejì. Lára ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ tú u yóò ti rí i. Ó yẹ kí olùkọ́ ya méjèèjì sára pátákó, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá rí i lára irinkírin, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n jìnnà sí i, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ ọn, kí wọ́n sì lọ pe àgbàlagbà tí yóò pe ìjọba.

Ní ọdún 2000, àjọ yìí kan náà pẹ̀lú àjọ ìlera àgbáyé tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn dókítà tí kì í ṣe onímọ̀ ìtànṣán, irú àwọn tí ó wà ní abúlé àti ìlú kékeré. Ohun tí ó kọ́ wọn kò le. Bí aláìsàn bá wá pẹ̀lú ojú egbò bí ti iná, tí iná kò sì jó o, tí oògùn kẹ́míkà kò sì ta sí i lára. Tàbí tí èébì ń gbé e láìsí ìdí, tí irun rẹ̀ ń re. Kí dókítà bi í bóyá ó rí irin kan tí kò mọ̀ láìpẹ́ yìí, bóyá ó mú un, àti ibi tí ó fi í sí.